Àdá Méjì Tí N Kò Jù Sílẹ̀

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ yé pariwo lé mi lórí. Láti ìgbà tí mo ti jẹun ọ̀sán tán ni mo ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yìí, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé, tí mo sì ń gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn yín. Akínbọ̀dé ní kí jagunjagun inú géèmù náà mú idà méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, nítorí pé ìyẹn yára, kò ní jẹ́ kí ọ̀tá rí ààyè mí. Tinúadé ní irọ́ ni, pé idà ńlá kan ṣoṣo tí èèyàn fi ọwọ́ méjèèjì dì mú ló dára, nítorí pé ohunkóhun tí ó bá bà kò ní dìde mọ́. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara yín láṣọ ya lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ ń lọ sí yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Bàbá àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣọdẹ rí, èwo ni ká mú?" Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe bi mí. Èmi kò rẹ́rìn-ín, bóyá ẹ kò kíyè sí i. Ẹnì kan ti bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí lẹ́nu igbó, mo sì fi ẹnu yíyá dá a lóhùn. Bí wọ́n bá pa jagunjagun tiyín, ẹ ó fi ìka tẹ fóònù, á sì tún dìde. Èmi náà ti rí i. Ẹni tí èmi ń wí kò dìde, ó sì ti di ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń parọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi díẹ̀, nítorí tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí tán, n kò ní lẹ́nu tí n óò fi yin ara mi mọ́. Nígbà tí egungun èmi Ọdẹ́lékè ṣì le, kò sí ọdẹ kan ní Òkè-Ìsun tó lè bá mi figẹ̀ wọngẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún mi mọ̀ ọ́n ṣe ni tòsì náà mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ọdún àwọn ọdẹ bá dé, wọn a máa ti abúlé mìíràn wá wò mí, tí n óò máa ju àdá méjì sókè, tí n óò máa gbá wọn mú lójú òfurufú, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún. Bí àwọn obìnrin bá pariwo, n óò tún jù wọ́n ga sí i. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran ìgbẹ́ lọ, ju oúnjẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ẹni tí à ń wí yìí ń jẹ́ Ògúnmọ́dẹdé. Òun ló fẹ́ Àyọ̀ká, àbúrò mi kan ṣoṣo, èyí tí ẹ̀ ń pè ní Ìyá Òkè. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, gbogbo àárọ̀ ló máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, "Ẹ̀gbọ́n" ló sì ń pè mí títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Kò lè ṣe ohun méjì pọ̀. Bó bá ń jẹun, kò ní sọ̀rọ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, yóò dúró kó tó sọ ọ́ tán, bí òjò tilẹ̀ ń pa yín bọ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wa, òun á sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, odò Amútù gbẹ. Ó kọ́kọ́ pọ́n bí omi amọ̀, lẹ́yìn náà ó di ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ilẹ̀ tó sán. Àwọn obìnrin ń jí rìn dé ìlú kejì kí wọ́n tó rí omi tí wọn ó fi se ọbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ mẹ́ta kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Olúọdẹ pè wá jọ, ó ní nǹkan kan ti jókòó lé ìsun odò náà nínú Igbó Àìwẹ̀yìn, pé kí Ọdẹ́lékè àti Ògúnmọ́dẹdé lọ gbé e kúrò. Kó tó dárúkọ mi tán ni mo ti dìde. Àyọ̀ká sìn wá dé etí ìlú, oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Kò sunkún. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi lé tèmi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ọwọ́ yín. Ẹ bá mi mú un padà wálé." Mo ní, "Ṣé eléyìí? N óò fà á bọ̀ bí ẹni fa ewúrẹ́ ti oko bọ̀." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, a sì ń lọ.

N kò ní fi ìrìn ọjọ́ mẹ́ta dá yín lágara. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a rìn. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa, a dé ẹnu Igbó Àìwẹ̀yìn, a sì bá bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí òkúta. Apá rẹ̀ gùn débi pé bó ṣe jókòó yẹn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tún nà lọ síwájú nínú ewé gbígbẹ, ó ń gbá wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti fún un lórúkọ nínú ọkàn mi, Afọwọ́gbálẹ̀. Ó ní, "Ìbọn yín kò ní dún níbí o." Ògúnmọ́dẹdé gbé tirẹ̀ sókè, ó yìn ín, ó sì ṣe fúú bí ẹni tó ń fẹ́ iná. A gbé ìbọn méjèèjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà náà ló na ìka gígùn rẹ̀ sí mi.

Ó ní, "Ìwọ tí ò ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ rà mí, ọwọ́ mélòó lo ní?"

Mo ní, "Ọwọ́ méjì ni, bàbá."

"Mélòó lo fẹ́ lò?"

"Méjèèjì."

"Mélòó ni yóò ṣẹ́kù?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, bí mo bá lo méjèèjì, kí ni yóò tún ṣẹ́kù? Ṣé kí n lọ yá tiyín ni?"

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ògúnmọ́dẹdé, ó bi í ní ìbéèrè kan náà. Ẹ mọ̀ ọ́n, ó dúró, ó ronú títí tí ara mi fi ń yún mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, èmi náà á lo méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni n óò jẹ́ kí wọ́n dì mú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá nílò ọ̀kan nínú wọn, á lè rí i." Bàbá náà mi orí. Èmi rò pé ó ń mi orí nítorí pé ìdáhùn náà gọ̀.

Ó na apá kan wọ inú ihò igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fa idà kan jáde tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, èèkù rẹ̀ nìkan tó apá mi. Ó na apá kejì, ó mú àdá méjì jáde, wọ́n kúrú, wọ́n fúyẹ́, ojú méjèèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì mú. Kò sí àkọ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn. Kí ó tó ní kí á yàn, mo ti gbé àdá méjèèjì. Mo jù wọ́n sókè, mo gbá wọn mú, wọ́n sì bá ọwọ́ mi mu bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti rọ wọ́n. Ògúnmọ́dẹdé gbé idà gbọọrọ náà, ó dì í mú bí ẹni tó fẹ́ gún iyán. Afọwọ́gbálẹ̀ ní, "Ohun tí mo gbé fún yín, ẹ dá a padà fún mi tí ẹ bá ń bọ̀. Mi ò béèrè ohun mìíràn."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Lọ́dọ̀ àwa ọdẹ Òkè-Ìsun, ẹni tó bá ti fi irin kan ahọ́n búra, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Àwọn ọdẹ wà tí wọn kò fi irin búra rí títí tí wọ́n fi wọ ilẹ̀ lọ. Èmi máa ń fi í búra nídìí ayò. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n búra lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ti sọ ohun tó fẹ́, ó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kò bá mi rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ kó mọ irú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Mo fi àdá kan ahọ́n, mo fi ìkejì kan ahọ́n, mo ní, "Irin, gbọ́ ohùn mi. Láti ìhín títí n óò fi padà dé ìhín, ìwọ kò ní kúrò lọ́wọ́ mi, o kò ní kan ilẹ̀. Bí mo bá jù ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo irin ayé kẹ̀yìn sí mi." Ògúnmọ́dẹdé fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ búra o." Mo ní kó dákẹ́. Ó dákẹ́.

Bí a ṣe wọ inú igbó, a kò tíì rìn jìnnà tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí já bọ́ láti orí igi, wọ́n lé ní ọgbọ̀n. Orí wọn kò ga ju orúnkún mi lọ, irùngbọ̀n wọn ni wọ́n fi di àmùrè, kùmọ̀ kéékèèké sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bò wá bí ìjàlọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá rí mi lọ́jọ́ náà! Àdá ọ̀tún ń lọ, tòsì ń bọ̀, èmi náà kò mọ èwo ni mò ń fi gbá kùmọ̀ dà nù, èwo ni mo fi ń gé irùngbọ̀n. Ní ti Ògúnmọ́dẹdé, bó ṣe gbé idà sókè báyìí ni ìtàkùn ti mú un. Kó tó fà á yọ, kùmọ̀ mẹ́fà ti bà á lórí. Mo ń jà, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń pariwo sí i pé, "Ọkọ Àyọ̀ká, ṣé kí n bá ọ gé igbó náà kúrò ná?" Nígbà tó yá, àgbà wọn kan jókòó sórí kùkùté, ó pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì dúró. Ó ní ohun tí òun rí yìí wu òun, pé bí mo bá lè ju àdá méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀méje láìjẹ́ kí ọ̀kan kan ilẹ̀, kí á máa lọ. Mo jù wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Wọ́n pariwo! Ariwo wọn dùn ju tàwọn obìnrin Òkè-Ìsun lọ. Àwọn fúnra wọn ló sìn wá sọ́nà. Mo yíjú sẹ́yìn wo ọkọ àbúrò mi, orí rẹ̀ wú gúdúgúdú, mo ní, "Ṣé o ti wá rí ìdí tí mo fi yan méjì?" Ó ní, "Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n."

Ibi tí wọ́n sìn wá dé ni àfonífojì tóóró kan, ọkùnrin kan sì dí ẹnu rẹ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ èèpo igi láti orí dé ẹsẹ̀, tó nípọn tó ìrọ̀rí. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó kàn dúró ni. Mo fò mọ́ ọn. Mo ṣá a nígbà ogún, mo ṣá a nígbà ogójì, ó ń mí kanlẹ̀, ó ń dijú. Mo rò pé ó ń kú lọ ni, àṣé ó ń gbádùn ni. Ó ní, "Sún sókè díẹ̀. Ẹ̀yìn òsì mi, ibẹ̀ ló ń yún mi jù." Ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ògúnmọ́dẹdé náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn sì ni inú mi fi bàjẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀." Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, ó gbé idà náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó pẹ́ lókè débi pé mo fẹ́ bínú, lẹ́yìn náà ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà là sí méjì bí igi ìdáná, ọ̀nà sì ṣí. Ǹjẹ́ mo kí i kú iṣẹ́? Mo ní, "Èmi ni mo ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí o tó dé." Ó ní, "Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n." Kò fi ṣe ẹlẹ́yà o. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà rẹ̀ rí. Lónìí tí mo jókòó síbí, ohùn rẹ̀ nígbà tó ń wí bẹ́ẹ̀ ṣì ń dùn mí.

Ọ̀sán gangan ni a dé ìsun odò Amútù. Àárín àpáta ló wà, ohun tó sì jókòó lé e kì í ṣe ẹkùn, kì í ṣe erè. Akàn ni. Akàn kan ṣoṣo, tó tóbi tó ahéré, ó bo ojú ìsun náà bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò. Ojú rẹ̀ méjèèjì dúró lórí igi gígùn, ọ̀kan ń wò mí, ọ̀kan ń wo ẹnìkejì mi. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń hó bí ọṣẹ.

Ó ní, "Kí ni ẹ wá ṣe?"

Mo ní, "Omi la wá mú."

Ó ní, "Ilé mi ni omi yìí ti ń jáde lọ, kò sì padà wá kí mi rí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹni tó bá mọ̀ pé ohun tó fẹ́ràn kò ní padà bó bá ti jáde, ṣé ó yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ògúnmọ́dẹdé lára, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Akàn, àwọn ọmọdé ń kú lọ́dọ̀ wa. Ẹ sún díẹ̀ péré, ẹ jẹ́ kó máa rọra kán. A ò ní kó gbogbo rẹ̀." Akàn náà ń rò ó. Ẹ gbọ́ mi, ó ń rò ó ní ti tòótọ́. Bóyá ì bá sún, n kò lè sọ. Èmi ni n kò lè dúró. Mo ti gbé àdá méjì la igbó yẹn já, ṣé kí n wá fi ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀? Mo kígbe, mo fò lé ojú tó ń wò mí, mo sì gé e.

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ọ̀kan tó ìwọ̀n ènìyàn méjì. Ó há mi mọ́ àpáta lẹ́ẹ̀mejì, mo yọ̀ bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àpá rẹ̀ ló wà ní ìhà mi tí ẹ ti máa ń bi mí léèrè yìí. Mo fi àdá kan ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ padà, mo fi ìkejì ti tòsì padà, bí mo bá mú ọwọ́ yá, òun náà á yára, òógùn bò mí lójú. N kò lè ṣe é léṣe, ṣùgbọ́n kò ráyè ẹlòmíràn. Ògúnmọ́dẹdé rìn gba ẹ̀yìn rẹ̀, bó ṣe máa ń rìn, láìyára, ó gun orí rẹ̀, ó gbé idà sókè. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, igbá ẹ̀yìn akàn náà sì là, ó dún kọjá òdìkejì òkè. Akàn mí ẹ̀ẹ̀kan, ó kú.

Omi tó ti há sábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé akàn náà dojú dé bí awo, ó gba ẹsẹ̀ Ògúnmọ́dẹdé, ó sì ń yí bírípo níbi tí ihò kan ti là sí abẹ́ àpáta, ó ń fa gbogbo nǹkan wọlé. Idà há sínú igbá ẹ̀yìn akàn. Ògúnmọ́dẹdé jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni ju igi ìdáná. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ó fi ọ̀kan di gbòǹgbò tó tínrín kan mú, ó na ìkejì sí mi. Orí àpáta gbígbẹ ni mo wà. Àárín èmi àti òun kò ju àárín èmi àti ìwọ lọ, Tinúadé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín!"

Mo na ọwọ́ sí i. Àdá wà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Di àdá mú, n óò fà ọ́!" Ó wo àdá náà. Mo ti sọ fún yín pé ojú méjèèjì ló mú, kò ní ẹ̀yìn tí èèyàn lè dì mú. Gbòǹgbò náà já. Ó di àdá mú. Mo fà á, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, omi ń fọ̀ ọ́ dà nù, òmíràn ń jáde. Kò kígbe. Ó wo ọwọ́ mi kejì, níbi tí àdá kejì wà, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, bí ìgbà tó bá ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ mi kó tó dá mi lóhùn. Kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Ìka rẹ̀ ṣí. N kò rí i mọ́.

Ẹ ó ní ẹ̀rù ìbúra ló bà mí. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá pe gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀rù, irọ́ mìíràn ni mò ń pa fún yín yẹn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí n óò ṣe dé ọ̀dọ̀ Afọwọ́gbálẹ̀ pẹ̀lú àdá méjèèjì lọ́wọ́, tí yóò wò mí, tí yóò wá rẹ́rìn-ín. Mo rò pé n óò rí gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀. Igi kan wà lápá òsì mi, ẹ jọ̀ọ́, igi kan wà tí ọwọ́ mi tó, mo lè gbá àdá kan mọ́ ọn lára, kò sì ní kan ilẹ̀. Mo lè fi eyín mú un. Mo lè fi há abíyá. Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbá àdá yẹn mọ́ igi lórí ẹní mi, tí mo ń na ọwọ́ tó ṣófo sí i, tí mo ń fà á jáde. Nínú oorun mi, ó máa ń wúwo, mo sì máa ń rí i fà.

Mo padà dé ẹnu igbó. Bàbá náà ṣì jókòó. Ó ní, "Ẹnìkejì rẹ dà?"

Mo ní, "Omi gbé e lọ, bàbá."

"Ìwọ́ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi kún ni. Mo ti búra pé irin yín kò ní kan ilẹ̀."

Kò béèrè idà tó bá omi lọ, ó gba àdá méjèèjì lọ́wọ́ mi. Ó wò wọ́n, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀kan. Ó na apá, ó sì jù wọ́n sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn òkúta tó jókòó lé, n kò wo ibẹ̀ nígbà tí a ń lọ. Àdá wà níbẹ̀, idà wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ wà níbẹ̀, òkìtì irin, gbogbo wọn ń dógùn-ún nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ta ló ní kí o búra?" Ó da ìbọn méjèèjì padà fún mi, èmi ni mo sì ru tèmi àti tirẹ̀ wálé.

Omi ti dé Òkè-Ìsun kí n tó dé. Wọ́n ń jó lẹ́bàá odò, wọ́n ń pe orúkọ mi. Ní ọjọ́ tí a ṣe ìṣípà fún Ògúnmọ́dẹdé, tí a gbé aṣọ ọdẹ rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ lọ sínú igbó kí ẹgbẹ́ ọdẹ lè dágbére fún un, àṣà wa ni pé ẹni tó bá a dé ibi tó kú sí ni yóò sọ bó ṣe lọ. Mo dìde láàárín gbogbo ọdẹ. Mo ní omi ti gbé e kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní mo bẹ́ sínú omi, mo fi ọwọ́ méjèèjì wá a títí. Wọ́n fi orin sìn ín, wọ́n sì dárúkọ mi nínú orin náà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Àyọ̀ká bímọ, wọ́n sọ ọ́ ní Babárímisá. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Bí iṣu tuntun bá jáde lọ́dọọdún, èmi ló máa ń kọ́kọ́ gbé e fún, á di ọwọ́ mi méjèèjì mú, á ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ yín ṣe ohun tó lè ṣe." Mo máa ń jẹ iṣu náà.

Babárímisá bí ọmọkùnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ti gbọ́. Ọ̀la ni ìkómọ. Àná ni Àyọ̀ká ránṣẹ́ sí mi pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ gbé ọmọ náà jáde ju èmi lọ, pé ọwọ́ tó fẹ́ gba bàbá bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé e. N kò sùn. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yín fi bá mi níbi tó bá mi. Mo fẹ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe rí lẹ́nu mi ná, kí n tó sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Ó korò ju bí mo ṣe rò lọ.

Òun ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ẹ wò ó, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má dìde. Bí ẹ bá dìde, n óò tún rí ààyè parọ́. Akínbọ̀dé, sún àpótí yẹn fún un.

Àyọ̀ká, káàbọ̀. Rárá, má kúnlẹ̀, má sì di ọwọ́ mi mú. Jókòó ná. Ọkọ rẹ na ọwọ́ sí mi lọ́jọ́ yẹn, Àyọ̀ká. Ó sún mọ́ mi tó bí o ṣe sún mọ́ mi yìí. N kò fún un lọ́wọ́.